Láti ibo ni wọ́n ti kà á? Bí a ṣe ń ka máàpù àtijọ́ ti òkè Velebit àti etíkun Adriatic

Bí ẹnì kan bá júwe ilé fún yín pé "ilé kẹta ni, ẹ ò ní ṣì í", ìbéèrè kan ló yẹ kó jáde lẹ́nu yín kíá: ẹ̀kẹta láti ibo? Ṣé láti ìkóríta ni, àbí láti ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí? Ẹni tó júwe ilé kò purọ́. Ilé náà wà níbẹ̀. Àmọ́ bí òun bá kà á láti ìkóríta, tí ẹ̀yin sì lọ bẹ̀rẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ilé onílé lẹ máa kàn.

Ọ̀pọ̀ ohun tó ń da èèyàn láàmú nínú máàpù àtijọ́ kò ju èyí lọ. Mo fẹ́ fi máàpù kan pàtó ṣàlàyé rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo máàpù tí ojú mi ti rí: ti etíkun Adriatic, níbi tí òkè Velebit ti dúró ṣánṣán lẹ́bàá òkun, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Kroatíà lónìí. Àwọn ọmọ ogun ìjọba Austria-Hungary ló yà á ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Àwọn tó sì ń wò ó sábà máa ń mi orí: nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti fóònù mu, orúkọ ìlú inú rẹ̀ ṣàjèjì, òkè inú rẹ̀ dà bí ìgbà tí èédú dà sórí ìwé. Wọ́n á ní àwọn ará àtijọ́ kò mọ ilẹ̀ wọ̀n. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí pé kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Òkè Velebit gùn tó 145 kìlómítà, ó na ara rẹ̀ sẹ́bàá òkun bí ògiri àgbàlá. Ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù, Vaganski vrh, ga tó 1,757 mítà, bẹ́ẹ̀ òkun kò jìnnà sí ìdí rẹ̀. Lápá àríwá, ní ìsàlẹ̀ òkè, ni ìlú èbúté Senj wà, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù tí wọ́n ń pè ní bura ti máa ń já bọ́ láti orí òkè wá sínú ìlú. Omi tóóró kan ló wà láàárín òkè yìí àti àwọn erékùṣù bíi Krk, Rab àti Pag. Bí ẹ bá sọdá sẹ́yìn òkè, ẹ máa bá pẹ̀tẹ́lẹ̀ Lika àti Gacka, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé. Lórí máàpù náà, apá òsì funfun, ìyẹn òkun. Àárín dúdú kirikiri, ìyẹn òkè. Apá ọ̀tún wá mọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń di pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ogun ló mú kí ọba náwó sórí yíya irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Austríà bá Prussia jà nínú Ogun Ọdún Méje tó parí lọ́dún 1763, kò sì rí ilẹ̀ Silesia gbà padà. Láàárín ìyẹn ló ti hàn sí Ọbabìnrin Maria Theresa pé àwọn ọ̀gágun òun ń kó ọmọ ogun gba ilẹ̀ tí wọn kò mọ̀ tó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ya gbogbo ilẹ̀ ọba náà sórí ìwé, wọ́n sì parí ti àkọ́kọ́ lọ́dún 1787, nígbà tí ọmọ rẹ̀, Joseph Kejì, wà lórí oyè. Àṣírí ìjọba ni iṣẹ́ yẹn, Vienna ni wọ́n tì í mọ́. Wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì láti 1806 sí 1869. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mò ń sọ nípa rẹ̀ yìí. Ọdún 1869 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì parí wíwọ̀n ilẹ̀ lọ́dún 1887. Láti inú ẹ̀ ni iléeṣẹ́ máàpù àwọn ológun ní Vienna ti tẹ ìwé tó ju 700 lọ jáde, wọ́n pè é ní Spezialkarte, ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ sì lè rà á.

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ ná. Wọ́n kọ 1:75,000 sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé jẹ́ 750 mítà lórí ilẹ̀. Èyí kò le. Èyí tó le ni ti àwọn máàpù tó ṣáájú rẹ̀, tí ẹ máa rí 1:28,800 lórí wọn. Ta ló máa jókòó tó máa mú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀? Ó dára, ẹ rántí ìbéèrè wa: kí ni wọ́n fi ń kà? Kì í ṣe mítà. Ínǹṣì Vienna ni, àti òmíràn tí wọ́n ń pè ní Klafter, tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹsẹ̀ bàtà kan ní ínǹṣì 12, nítorí náà Klafter kan ní ínǹṣì 72. Wọ́n wá pinnu pé ínǹṣì kan lórí ìwé yóò dúró fún 400 Klafter lórí ilẹ̀. Ẹ sọ 400 di ìlọ́po 72, ẹ máa rí 28,800. Nọ́ńbà tó dà bí ìtàkùtà yẹn, lójú sọ́jà tó ń fi ínǹṣì wọn ọ̀nà, ó rọrùn ju ẹ̀kọ lọ. Nígbà tí òfin sọ mítà di dandan ní Austríà láti oṣù kìíní ọdún 1876, nọ́ńbà máàpù náà yí padà tẹ̀lé e.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ń wò ó lórí fóònù: ẹ má fi rúlà wọn ojú fóònù yín kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 75,000. Bí ẹ bá ti fi ìka fẹ àwòrán náà, ìwọ̀n yẹn ti bàjẹ́. Igi ìwọ̀n tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ ìwé ni kí ẹ lò, torí bí àwòrán bá ń tóbi, òun náà ń tóbi.

Ó kan ibi tó ti ń gbé àwọn èèyàn ṣubú jù. Ní etí ìwé, lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà àwọn ìlà tó lọ láti àríwá sí gúúsù. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà wọ̀nyí wá ìlú Senj, ẹ máa rí nǹkan bíi 32°34′, ìyẹn dígírí 32 àti ìṣẹ́jú 34 (ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígírí kan). Fóònù yín á sọ pé 14°54′ ni. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá tẹ 32°34′ sínú fóònù pẹ̀lú ìlà ìbú 45° tí Senj wà lórí rẹ̀, àárín Òkun Dúdú ló máa gbé yín lọ, lápá ìwọ̀ oòrùn Crimea, níbi tí ilẹ̀ kankan kò sí. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á ní àwọn tó ya máàpù yìí ti mutí yó.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Àwọn ìlà ìbú, àwọn tó dábùú ayé, ní ibi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ fún wọn láti bẹ̀rẹ̀: àárín ayé, níbi tí ọ̀nà dé òpin àríwá àti òpin gúúsù ti dọ́gba. Gbogbo èèyàn ló ń kà á láti ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí 45° lórí máàpù àtijọ́ fi jẹ́ 45° lónìí. Àmọ́ àwọn ìlà tó lọ láti àríwá sí gúúsù kò ní irú ibẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn dọ́gba. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó kí ó sọ pé, "láti ibí ni kí a máa kà."

Ptolemy, ọ̀mọ̀wé ará Alexandria ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ kíkà tirẹ̀ láti àwọn erékùṣù tó wà ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn ayé tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, kí ó má bàa sí ilẹ̀ kankan tí yóò bọ́ sẹ́yìn òdo. Àwọn erékùṣù yẹn ni a gbà pé wọ́n jẹ́ Canary, lẹ́bàá ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 1634, Ọba Louis Kẹtàlá ti ilẹ̀ Faransé pàṣẹ pé kí wọ́n máa kà á láti Ferro, èyí tí à ń pè ní El Hierro báyìí, erékùṣù tó wà ní ìwọ̀ oòrùn jù nínú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n rọ ọ́ lọ́rùn: wọ́n ní kí ìlà Ferro jẹ́ 20° géérégé sí ìwọ̀ oòrùn Paris. Èyí túmọ̀ sí pé láti Paris gan-an ni wọ́n ti ń kà á, orúkọ erékùṣù ló kàn kù. Austríà gba ìlà yìí lò, wọn kò sì fi í sílẹ̀ lórí máàpù yìí. Greenwich, lẹ́bàá London, tí gbogbo ayé ń lò báyìí, ọdún 1884 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Washington ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un, ìgbà yẹn sì ni àwọn ìwé Spezialkarte ti ń jáde lọ́wọ́.

Láti Ferro dé Greenwich jẹ́ 17°40′. Nítorí náà, ẹ yọ 17°40′ kúrò nínú nọ́ńbà etí ìwé. 32°34′ dín 17°40′ jẹ́ 14°54′. Ẹ ti dé Senj. Máàpù náà kò ṣìnà rárá, láti ìkóríta ló ti ń ka ilé, ẹ̀yin ń kà á láti mọ́ṣáláṣí.

Mo rò pé mo mọ ìdí tí wọn kò fi tètè yí i padà. Ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gé sí fífẹ̀ 30′ àti gíga 15′, etí gbogbo wọn sì bọ́ sórí nọ́ńbà tó pé bí a bá kà á láti Ferro. Bí wọ́n bá kà á láti Greenwich, etí gbogbo ìwé ló máa bọ́ sórí nọ́ńbà tí kò pé, wọ́n á sì ní láti tún etí gbogbo àwọn ìwé tó ju 700 yẹn kọ. Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìpàdé kan ní Amẹ́ríkà?

Ó ku díẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ 17°40′, ilé tí ẹ ń wá lè ṣì fi ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ayé kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó rí roboto. Ó tẹ̀ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ṣírò títẹ̀ náà lọ́dún 1841, èyí tí Austríà lò, kò bá ti fóònù yín mu pátápátá. Fún ẹni tó ń wá òkè tàbí abúlé, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi wá kànga kan ṣoṣo nínú igbó ni kó kíyè sí i.

Wàyí o, gíga. Lẹ́bàá ṣóńṣó òkè kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan wà tó ń sọ bí ó ṣe ga tó ní mítà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé láti ojú òkun ni wọ́n ti ń kà á. Àmọ́ òkun wo? Lójú ọjọ́ wo? Omi òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà. Afẹ́fẹ́ máa ń tì í wá sí etí, òṣùpá sì máa ń fà á sókè. Bí ẹ bá ní kí ẹ gbé rúlà lé ojú òkun, ojú òkun kò ní dúró dè yín.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ sí Trieste, èbúté ńlá tí ìjọba náà ní lórí Adriatic. Ní ibi ìdíkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Molo Sartorio, ẹ̀rọ kan wà tó ń kọ bí omi ṣe ń kún àti bó ṣe ń fà. Wọ́n kó nọ́ńbà ọdún kan ṣoṣo, ọdún 1875, wọ́n wá àárín gbùngbùn rẹ̀, wọ́n sì ní: òdo nìyí. Wọ́n wá fi àmì sára ilé àwọn aṣọ́bodè tó wà níbẹ̀, wọ́n ní àmì náà ga ju òdo lọ ní 3.352 mítà. Láti ara àmì yẹn ni wọ́n ti ka gíga òkè gbogbo ní ilẹ̀ ọba náà, títí kan òkè tí ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ìrìn jìnnà sí òkun. Títí di òní, ní Austríà, tí kò ní etíkun kankan mọ́, mítà "lókè Adriatic" ni wọ́n ń kọ sára òkè wọn. Mo máa ń ronú nípa èyí gan-an: ìjọba náà ti túká láti 1918, Trieste ti di ti Itálì, ṣùgbọ́n àwọn òkè ṣì ń ka ara wọn láti ara ògiri ilé kan ní èbúté rẹ̀.

Àwọn mìíràn yí òdo wọn padà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Húngárì fi Adriatic sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti Òkun Baltic, láti Kronstadt ní Rọ́ṣíà. Gbogbo òkè Húngárì dín ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 67 lórí ìwé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ kankan. Kroatíà pẹ̀lú gba òdo tuntun lọ́dún 2004, èyí tí wọ́n rí láti inú ẹ̀rọ 5 tó ń wọn bí omi ṣe ń kún àti bó ṣe ń fà létíkun náà, dípò ẹyọ kan. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ṣóńṣó kan lórí Velebit fi ìdajì mítà yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí, ẹ má tíì bú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè pa èèyàn lára, kí ó gbọ́ ti afárá Laufenburg. Jámánì àti Swítsálàndì jọ ń kọ́ ọ sórí odò Rhine, tẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ń bọ̀, tẹ̀gbẹ́ ibí ń lọ. Láti òkun àríwá, ní Amsterdam, ni Jámánì ti ń ka gíga tirẹ̀. Láti òkun Mẹditaréníà, ní Marseille, ni Swítsálàndì ti ń ka tirẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27, wọ́n sì fẹ́ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n ti yọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi kún un. Lọ́dún 2003 ni wọ́n rí i pé apá kan fi sẹ̀ǹtímítà 54 ga ju èkejì lọ. Wọ́n ní láti rẹ apá Jámánì sílẹ̀. Àwọn yẹn kì í ṣe ará àtijọ́, kọ̀ǹpútà ló wà níwájú wọn.

Síbẹ̀, kí n má parọ́ fún yín: àṣìṣe wà nínú máàpù wa, ó sì wà dáadáa. Bí ṣóńṣó kan bá fi mítà 10 tàbí 20 yàtọ̀, ọ̀rọ̀ òdo kọ́ nìyẹn, àwọn tó wọ̀n ọ́n ló ṣì í. Ilẹ̀ ọba tó tóbi tó yẹn ni wọ́n fi ọdún 18 péré wọ̀n tán. Ọ̀gá kan pẹ̀lú tábìlì ìyàwòrán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àwọn sọ́jà mélòó kan tó ń ru ẹrù, òkè tí kò lọ́nà, àti afẹ́fẹ́ bura. Àwọn ibi tó ṣe kókó, bí ilé ìsìn àti ṣóńṣó ńlá, ni wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n dáadáa; ohun tó wà láàárín wọn, ojú ni wọ́n fi wò tí wọ́n fi yà á. Àwọn fúnra wọn mọ̀ pé orí òkè gíga kò pé tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lọ́dún 1896, ṣùgbọ́n ìjọba náà túká kí wọ́n tó lọ jìnnà.

Ẹ má sì wá ìjìn òkun lórí máàpù yìí. Máàpù àwọn awakọ̀ òkun ló ni ìyẹn, òdo tiwọn sì yàtọ̀: ìgbà tí omi bá fà sílẹ̀ jù ni wọ́n ti ń kà á, kí ọkọ̀ má bàa gúnlẹ̀ sórí àpáta.

Ohun tó wá wù mí jù láti ṣàlàyé ni dúdú tó wà lórí òkè. Máàpù òde òní máa ń fi ìlà rọra yí òkè ká, ìlà kan fún gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba. Bí ẹ bá ń rìn lórí ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní gòkè, ẹ kò sì ní sọ̀kalẹ̀. Irú ìlà yẹn wà lórí Spezialkarte lóòótọ́, mítà 100 sí mítà 100, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, ó sì fara pamọ́. Ohun tó bo gbogbo òkè ni àìmọye ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sáré láti òkè wá sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi òjò ṣe máa sàn bó bá rọ̀ síbẹ̀. Bí ìlà òde òní ṣe ń dábùú òkè, ìlà wẹ́wẹ́ ń tẹ̀lé ìṣubú rẹ̀.

Johann Georg Lehmann, ọ̀gá ọmọ ogun kan ní Saxony, ló gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1799. Ó ní kí a ṣe bí ẹni pé oòrùn wà ní àtàrí wa gan-an. Ilẹ̀ tó tẹ́ á gba gbogbo ìmọ́lẹ̀, nítorí náà kí ó funfun. Ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á gba díẹ̀, kí ìlà rẹ̀ nípọn díẹ̀. Bó bá ṣe ń dà sí i ni ìlà ń nípọn sí i, títí dé ibi tó dà ní 45°, ìyẹn ìdajì láàárín ilẹ̀ tó tẹ́ àti ògiri tó dúró ṣánṣán, níbi tí ó di dúdú pátápátá. Austríà tún òfin náà ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ òkè wọn dà ju 45° lọ, wọn kò sì fẹ́ kí gbogbo ìwé di ìkòkò dúdú. Sọ́jà ni wọ́n ń ṣe é fún: ibi dúdú, ìbọn ńlá kò lè gbà á, ibi tó jẹ́ eérú, ẹṣin lè gbà á bó bá rọra, ibi funfun, ẹ lè pàgọ́.

Ibí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé dúdú túmọ̀ sí gíga. Rárá o. Dúdú túmọ̀ sí dídà. Orí òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bó tilẹ̀ ga ní 1,500 mítà, funfun ló máa jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun kékeré kan létí òkun á sì dúdú bí èédú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ìlà funfun kan láàárín dúdú tí ẹ kò ní mọ̀ bóyá ẹ̀yìn òkè ni tàbí ìsàlẹ̀ àfonífojì. Àwọn méjèèjì ló tẹ́, àwọn méjèèjì ló funfun. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti àtàrí kò ní òjìji tí yóò fi hàn yín. Ẹ wá omi: bí odò bá wà nínú funfun náà, àfonífojì ni. Bí kò bá sí odò, ẹ wo àwọn nọ́ńbà gíga tó wà nítòsí, kí ẹ fi ti àárín wé ti ẹ̀gbẹ́. Lórí Velebit, ti nọ́ńbà ni ẹ máa lò jù, torí odò kò pọ̀ níbẹ̀.

Mo gba yín níyànjú pé kí ẹ jìnnà sí ìwé náà díẹ̀, tàbí kí ẹ dín àwòrán rẹ̀ kù lórí fóònù, kí ẹ sì wò ó láìka nǹkan kan. Òkè náà á dìde láti inú ìwé. Ọwọ́ èèyàn ló ya ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di àwo ìtẹ̀wé. Mi ò mọ máàpù òde òní kankan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi lójú.

Ní ti orúkọ, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀: ẹnu ta ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Senj ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìlú wọn, Zengg ni ti Jámánì, Segna ni ti Itálì. Rijeka ni Fiume, Zadar ni Zara, Karlobag ni Carlopago. Omi tóóró tó wà láàárín òkè àti àwọn erékùṣù, tó ń jẹ́ Ọ̀nà Omi Velebit báyìí, Canale della Morlacca ni ẹ máa bá. Fún ìlú ńlá, kò sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ àwọn òkè kéékèèké àti àwọn ibùsùn darandaran ló yàtọ̀. Ọ̀gá tó ń wọn ilẹ̀ lè wá láti apá ibòmíràn pátápátá nínú ilẹ̀ ọba náà, etí rẹ̀ kò mọ èdè náà, ohun tó gbọ́ ló kọ. Àwa tí a ti rí ohun tí àwọn èèbó fi orúkọ wa ṣe mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń rí. Ẹ pe orúkọ náà sókè kí ẹ tó pinnu pé ibòmíràn ni.

Àwọn lẹ́tà kéékèèké tún wà lẹ́bàá ọ̀nà. "W.H." ni ilé àlejò, níbi tí èèyàn ti lè jẹun kó sì sùn, "Br." ni kànga.

Ọdún pẹ̀lú ní ibi tí a ti ń kà á. Bí ìwé kan bá jáde lọ́dún 1912, kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ọdún 1912 lẹ ń wò. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, ní lẹ́tà tó kéré gan-an, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé wọ́n ṣe àfikún apá kan dé ọjọ́ báyìí. Apá kan ni o. Ọ̀nà tàbí ojú irin tuntun ni wọ́n máa ń fi kún un. Òkè, igbó àti abúlé lè jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, bí ilé kan bá wà lórí rẹ̀, ó wà níbẹ̀ nígbà kan. Bí kò bá sí, ẹ kò tíì lè sọ pé kò sí níbẹ̀ lọ́dún 1912. Ó tún burú sí i nítorí pé lẹ́yìn 1918, àwọn orílẹ̀-èdè tó pín ilẹ̀ ọba náà ń bá a lọ láti tún àwọn ìwé yìí tẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tiwọn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ Premužić, tí gbogbo ẹni tó ń gun Velebit mọ̀, tó gùn tó 57 kìlómítà, láàárín 1930 sí 1933 ni wọ́n là á. Ẹni tó bá ń wá a lórí máàpù yìí ń ṣe wàhálà lásán. Ọ̀nà Josephina, èyí tó wá láti Karlovac sí Senj, wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, torí wọ́n ti là á parí láti 1779, ẹ sì lè fi ìka tọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ́ gba ọ̀nà àárín òkè tó ń jẹ́ Vratnik kó tó já sókun.

Kí n wá sọ ti omi, òun ló kẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ lé odò Lika tàbí odò Gacka lẹ́yìn òkè. Ẹ máa rí i tó ń sàn bọ̀ dáadáa, ó ń yí, ó ń gba àwọn odò kékeré mọ́ra, lẹ́yìn náà ó kàn dúró. Kò wọ òkun, kò wọ odò mìíràn. Èèyàn á rò pé tádàwà ló tán lọ́wọ́ ẹni tó ń yà á. Àwọn tó yà á ló tọ̀nà. Òkúta ẹfun ni Velebit, omi sì ń jẹ ẹ́. Ihò pọ̀ nínú rẹ̀ bí inú ilé oyin. Odò náà wọlẹ̀ níbẹ̀, ó gba abẹ́ òkè kọjá, ó sì tún jáde ní etí òkun àti nínú òkun fúnra rẹ̀. Ojú kòtò kéékèèké tó wà káàkiri orí òkè, ibi tí ilẹ̀ ti jìn sínú ni, ìsàlẹ̀ wọn sì sábà máa ń jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí iyẹ̀pẹ̀ wà tí èèyàn lè gbin nǹkan sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ya máàpù náà fi ń wá gbogbo kànga àti ibi tí omi òjò ti ń dúró kí wọ́n tó kọjá: lórí òkè yìí, ọmọ ogun tí kò bá mọ ibi tí omi wà kò ní dé òdìkejì.

Lónìí, omi náà kò gba ibẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti 1965 ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Senj ti ń fa odò méjèèjì gba inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ òkè, tó já wọn sókun. Wọ́n tún sé odò Lika ní Kruščica, ó di adágún, ó sì bo abúlé tó wà níbẹ̀. Lórí máàpù fóònù, àwọ̀ omi nìkan ni ẹ máa rí níbẹ̀. Lórí ìwé àtijọ́ yìí, Kruščica ṣì jẹ́ abúlé: àwọn ilé dúdú wẹ́wẹ́, ọ̀nà kan tó gba àárín wọn, àti odò Lika lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó wà, ẹ ka nọ́ńbà etí ìwé, kí ẹ sì rántí láti yọ 17°40′.